Omi Kì Í Dúró Síbẹ̀: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Lára Ilẹ̀ tí Kò Jìn

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá lọ yẹ ilẹ̀ wò fún olóko láìsí ọ̀gá mi lẹ́yìn mi, ojú ewé kan péré ni ìwé tí mo kọ fún baba tó ni ilẹ̀ náà. Gbólóhùn tí mo fi ń yangàn jù nínú rẹ̀ kà báyìí pé: “Ilẹ̀ yìí dára fún igi, nítorí pé omi kì í dúró síbẹ̀.” Ilẹ̀ ọ̀hún wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìgbẹ́tì; koríko ló bò ó, erùpẹ̀ ojú rẹ̀ sì dúdú dáadáa. Baba gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, wọ́n gbin kajú láti ẹsẹ̀ òkè títí dé èjìká rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kẹta, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò bínú sí mi, bẹ́ẹ̀ ni ìbá sàn fún mi bí wọ́n bá bínú. Wọ́n kàn ṣíwájú mi gun òkè, wọ́n di ọ̀kan mú nínú àwọn igi tó ti gbẹ, wọ́n fà á, igi náà sì tu wọ́ọ́rọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fa ẹ̀fọ́ tu lórí ebè. Olórí gbòǹgbò rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ó lé díẹ̀, ó kan àpáta, ó ṣẹ́po bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ títí tí kò fi rí nǹkan kan mu mọ́. Àwọn tó wà ní ẹsẹ̀ òkè ń bẹ láàyè, ara wọn sì ń dán.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, ohun tó ká mi lára jù ni pé n kò parọ́. Omi kì í dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ gbólóhùn yẹn ní ojú méjì, ojú kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ nígbà náà: omi kì í dúró dí gbòǹgbò lọ́nà èémí, omi kì í sì í dúró de gbòǹgbò nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Ojú kejì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ibi tí mo ti kọ́ ọ sì jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé ara irú ilẹ̀ kan tó wà lórí àwọn òkè olótùútù ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí n kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí.

Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ baba dé, tí mo ròyìn ohun tí ojú mi rí fún ọ̀gá mi, wọn kò bá mi wí. Wọ́n na ìwé olójú ewé méjì kan sí mi, àpèjúwe ilẹ̀ ìjẹko kan ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí n lọ kà á, kí n má sì padà wá bá àwọn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Mo kà á tán kí iná tó lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo rò pé mo mọ̀: ilẹ̀ tí kò jìn, omi kì í dúró sí i, ó wá láti ara òkúta tó jẹrà lójú kan náà àti láti ara èyí tó yí wá láti òkè, ó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níbi tí òtútù ti pọ̀, ẹran ọ̀sìn ń jẹko lórí rẹ̀, ẹranko ìgbẹ́ sì ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n bi mí lórí rẹ̀ ni n kò rí ìkankan dáhùn.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ilẹ̀ lórúkọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti máa ń sá fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1899 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ya àwòrán ilẹ̀ wọn, irú ilẹ̀ tí wọ́n sì ti fún lórúkọ ti lé ní 20,000. Orúkọ ìlú, odò tàbí òkè tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ilẹ̀ kan ni wọ́n sábà máa ń fún un. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Smyth àti Montgomery, tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí ní àárín gbùngbùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí iṣẹ́ wọn sì jáde ní 1962, fi Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Apòmù àti Òkèmẹ̀sí sọ ilẹ̀ wa lórúkọ. Bí onímọ̀ ilẹ̀ bá sọ fún yín pé òun gbẹ́ kòtò lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, òun sì bá Ìwó níbẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ pé. Ilẹ̀ tó wá láti ara òkúta akọ tí hóró rẹ̀ tóbi ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó ti dá mi dúró nínú ìwé náà ni “kò jìn”. Lẹ́nu ọjà, ọ̀rọ̀ lásán ni. Lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ìwọ̀n. Nínú ètò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ilẹ̀ tí àpáta rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 25 sí 50 ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ tí kò jìn. Èyí tí kò tó 25 kò jìn rárá, èyí tó wà láàárín 50 sí 100 jìn níwọ̀nba, ó sì gbọ́dọ̀ kọjá 100 kí wọ́n tó gbà pé ó jìn. Mo fi téèpù wọn ẹsẹ̀ ara mi ní alẹ́ ọjọ́ kan: sẹ̀ǹtímítà 50 bọ́ sí orúnkún mi. Gbogbo ohun tí koríko, igi kéékèèké, ekòló àti ẹran ní lórí òkè Idaho yẹn kò kọjá orúnkún ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, àpáta.

Wíwọn jíjìn yìí gan-an ni ẹ ó ti kọ́kọ́ ṣìnà. Irin tí a ń yí wọlẹ̀ láti fa erùpẹ̀ jáde, tí gbogbo wa ń pè ní ọ́gà (àwọn akẹgbẹ́ mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni ọ̀gá kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká), kò mọ ìyàtọ̀ òkúta sí àpáta. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá mi bá mi padà lọ sí òkè baba. Mo yí ọ́gà wọlẹ̀, ó dé sẹ̀ǹtímítà 18, ó kọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: àpáta, 18. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n ní, “Gbẹ́ ẹ.” Mo ní, “Sà, ó ti kan àpáta.” Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́. Gbẹ́ ẹ.” Mo gbé díígà àti ṣọ́bìrì. Ohun tí ọ́gà kàn kò tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Ọwọ́ méjì ni mo fi gbé e jáde. Erùpẹ̀ dúdú ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, òkúta sì pọ̀ nínú erùpẹ̀ náà bí ẹran nínú ọbẹ̀ olówó. Ó di sẹ̀ǹtímítà 43 kí díígà tó dún. Òkúta tó dá wà máa ń dún “gbì”, ó sì máa ń mì lábẹ́ irin. Àpáta máa ń dún “kàn-ìn”, ìró rẹ̀ á sì gba apá ẹni dé eyín. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọ iye jíjìn kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo ti lu ihò mẹ́ta ó kéré tán láàárín ìgbésẹ̀ mélòó kan síra wọn, tí mo sì ti gbẹ́ kòtò sí ọ̀kan nínú wọn.

Ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ni mo ti rí ohun tí ìwé kò lè fi hàn mí. Gbòǹgbò koríko ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àpáta, wọ́n hun ara wọn bí ẹní, débi pé mo fi ọ̀bẹ ká etí wọn sókè bí ẹni ń ká ẹní. Níbi tí àpáta ti sán, òwú tín-ín-rín díẹ̀ nínú wọn ti wọ ojú sísán náà lọ, wọn kò sì tẹ̀lé mi nígbà tí mo fà wọ́n. Ọ̀gá mi da omi inú ìgò wọn sí i. Omi náà nà lórí àpáta díẹ̀, ó dé ibi tó sán, ó sì pòórá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣé o rí i báyìí, omi kì í dúró síbẹ̀.” N kò rí nǹkan kan sọ.

Òkúta inú erùpẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kejì tí mo fi ojú fò dá. Ohun tó bá fẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ kì í ṣe erùpẹ̀ mọ́ lójú onímọ̀ ilẹ̀. Òkúta ni, yálà ó kéré tàbí ó tóbi, kì í sì í fi omi tó já mọ́ nǹkan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá ti kó ìdá 35 nínú 100 inú ilẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà á fi orúkọ tó túmọ̀ sí egungun kún orúkọ ilẹ̀ náà, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu, nítorí pé ẹran ara rẹ̀ ti tán. Ilẹ̀ Idaho tí mo kà nípa rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ti baba náà wà níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ kò tí ì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kòtò wa jìn ní 43. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní 40. Bí òkúta bá kó ìdá 40 nínú 100 rẹ̀, erùpẹ̀ gan-an tó kù kò ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ. Erùpẹ̀ tí iyanrìn, amọ̀ àti èyí tó wà láàárín wọn pò mọ́ra dáadáa lè fi nǹkan bí mìlímítà omi kan àbọ̀ pamọ́ fún gbòǹgbò nínú sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36. Bí oòrùn àti ewé bá jọ ń fa mìlímítà 5 lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ kan ni omi náà lè gbé. Ilẹ̀ tó jìn ní 150, tí kò ní òkúta, á fi 225 pamọ́, ìyẹn oúnjẹ oṣù kan àbọ̀. Òjò kan náà ló rọ̀ sórí wọn, oòrùn kan náà ló ràn, ọjọ́ kan náà ni baba gbin kajú sí méjèèjì. Mìlímítà omi kan lórí hẹ́kítà kan sì jẹ́ lítà 10,000, nítorí náà ohun tí ẹsẹ̀ òkè fi ju èjìká rẹ̀ lọ sún mọ́ mílíọ̀nù lítà méjì lórí hẹ́kítà kan. Kò sí kẹ́ẹ̀gì tí baba lè fi pọn ìyẹn gun òkè.

Ẹ ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ “omi kì í dúró” ti tàn mí jẹ. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ohun tó túmọ̀ sí ni pé omi ń rọra kúrò nínú ilẹ̀ náà bó ṣe yẹ, kì í pẹ́ níbẹ̀ débi tí kò fi ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ kò ní rí àbàwọ́n eérú àti ti ìpẹtà irin tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá gbẹ́ àkùrọ̀. Ipò kan ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe oríyìn. Kò sọ iye omi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àpọ̀jù bá ti lọ. Lórí òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti sísán àpáta ló ń lé omi lọ, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè má ní agolo tí yóò fi gbè é. Nítorí náà, n kì í ka ọ̀rọ̀ yìí láì ka jíjìn àti iye òkúta mọ́ ọn. Mẹ́ta-mẹ́ta ni mo máa ń kà wọ́n.

Òtútù ni mo fi sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, nítorí mo rò pé kò kàn wá. Ẹni tó bá ti rí ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa yìnyín? Ṣùgbọ́n òtútù inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Wọ́n á wọn ooru ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 sísàlẹ̀, tàbí ní orí àpáta bí àpáta bá tètè kàn. Bí àròpin ọdún kan kò bá tó 8°C, ilẹ̀ olótùútù ni. Tiwa lé ní 22°C, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín ìgbà kan àti òmíràn nínú ọdún kò tó nǹkan. Lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn, òtútù ń ṣe iṣẹ́ méjì. Omi á wọ inú sísán òkúta, á dì, á sì wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, á wá la òkúta náà. Bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn, tí òkúta olórígun fi pọ̀ nínú erùpẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni pé ó ń mú kí nǹkan pẹ́ kí ó tó jẹrà. Gbòǹgbò koríko á kú, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ì bá sọ ọ́ di erùpẹ̀ á ti wọlé sùn lábẹ́ yìnyín fún oṣù mélòó kan, nítorí náà èérún gbòǹgbò á máa kó jọ, ojú ilẹ̀ á sì dúdú.

Dúdú yìí ló mú mi padà sí òkè baba. Lójú tiwa, bí àgbẹ̀ bá ti rí ilẹ̀dú, ó ti rí oko. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí irú ojú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 18 sí 25 kí wọ́n tó gbà á wọlé sínú ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ ọlọ́ràá, gbà pé 10 péré tó bí ó bá jẹ́ orí àpáta gan-an ló jókòó lé. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ lè dúdú, kí ó lọ́ràá, kí omi má dúró sí i, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ojú ni mo fi wo ilẹ̀ baba, n kò fi irin wò ó. (Bí ẹ bá sì fẹ́ ka àwọ̀ ilẹ̀ nínú ìwé Munsell, ìwé alábala àwọ̀ tí a fi ń wé erùpẹ̀, nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sí erùpẹ̀ náà, kí ẹ sì bọ́ dígí dúdú tí ẹ fi ń ṣe fáàrí. Erùpẹ̀ gbígbẹ àti erùpẹ̀ tútù kì í ní àwọ̀ kan náà, ìwé sì fẹ́ kí ẹ kọ méjèèjì.)

Ìdí tí tiwa fi jẹ́ fẹ́lẹ́ yàtọ̀ sí ti wọn. Níbi tí ilẹ̀ wa bá ti tẹ́jú, ooru àti òjò máa ń jẹ òkúta rà lọ jìnnà nísàlẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń gbẹ́ kànga ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kó amọ̀ pupa jáde kí wọ́n tó kan òkúta tó le. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, bí òkúta ṣe ń jẹrà ni àgbàrá ń kó o lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ òkè ń jìn sí i, èjìká rẹ̀ sì ń sá. Ní Idaho, òtútù kì í jẹ́ kí òkúta tètè jẹrà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sì ń yí ìwọ̀nba tó bá jẹrà kalẹ̀. Omi pàápàá kì í wá bákan náà. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń wá ní ìgbà òtútù bí yìnyín, á jókòó sórí òkè bí ọkà nínú àká, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá padà. Agolo kékeré ilẹ̀ náà á kún, ìyókù á gba ojú sísán lọ sí odò. Koríko ibẹ̀ gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ ọdún rẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ ìgbà ooru tó dé. Lọ́dọ̀ wa, òjò ọ̀sán kan ṣoṣo lè rọ mìlímítà 50 sórí ilẹ̀ tí kò lè gba ju 36 lọ. Ẹ kò nílò ẹni tí yóò sọ fún yín ibi tí 14 tó kù gbà lọ, bí koríko kò bá sí níbẹ̀ láti dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ ojú tí òkè kọ sí kò gba àkókò. Ní Idaho, ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù máa ń rí oòrùn púpọ̀, ó sì máa ń tètè gbẹ. Èyí tó kọjú sí àríwá máa ń tutù, yìnyín rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn máa ń dé àárín orí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù kẹrin àti ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nítorí náà ẹ má ṣe jókòó ti ìyẹn.

Ti ìdàgẹ̀rẹ́ ló gba ìṣọ́ra, nítorí pé ó ti dójú tì mí níwájú àwọn ènìyàn. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kì í ṣe dígírì. Ìdá 100 nínú 100 kì í ṣe ògiri tó dúró ṣánṣán. Dígírì 45 ni. Ìdá 30 kò ju dígírì 17 lọ. Mo ka “50” nínú ìwé kan rí, mo sì dúró níwájú kíláàsì, mo ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe òkè tí ewúrẹ́ kò lè gùn, nígbà tó jẹ́ pé dígírì 27 ni òǹkọ̀wé ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó lẹ́yìn ló rọra na ọwọ́ sókè.

Ewéko jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára. Lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn, koríko tó ń hù ní ìdì-ìdì ló pọ̀, bíi bluebunch wheatgrass àti Idaho fescue, pẹ̀lú igi kéékèèké olóòórùn tí wọ́n ń pè ní sagebrush. Ọ̀kan nínú àwọn igi náà tó kúrú jù, low sagebrush, fẹ́ràn ibi tí ilẹ̀ kò bá jìn, débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ ọn lè sọ ibi tí àpáta sún mọ́ òkè kí ó tó gbé ọ́gà. Lórí òkè baba, n kò ní irú igi bẹ́ẹ̀ láti fi ojú sí, ṣùgbọ́n mo rí ẹni bi. Bàbá Fúlàní kan ń da màlúù lẹ́yìn òkè náà láti ìgbà tí wọn kò tí ì bí mi. Mo kí wọn, mo ní, “Àlàájì, ẹ dákun, báwo ni koríko ibí yìí ṣe máa ń rí?” Wọ́n fi ọ̀pá nà sí èjìká òkè, wọ́n ní, “Tibẹ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ yọ bí òjò bá dé, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹni tó bá kó màlúù gun ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù kọkànlá, àpáta ló fẹ́ kí wọ́n jẹ.” Ìṣirò mìlímítà 36 tí mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣe nìyẹn, wọ́n sì sọ ọ́ tán kí màlúù wọn tó kọjá.

Àwọn olùtọ́jú pápá ìjẹko ní Amẹ́ríkà náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn: kí ẹran jẹ ìdajì, kí ó fi ìdajì sílẹ̀. Ewé tó ṣẹ́kù ló ń bọ́ gbòǹgbò, òun ló sì ń gba ẹ̀ṣẹ́ òjò kí ó má bàa ba erùpẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí kò jìn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìmọ̀ràn tí ènìyàn lè fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbà pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pàdánù lọ́dún kan láìjẹ́ pé ó bàjẹ́ kò ju tọ́ọ̀nù kan lọ lórí éékà kan, nígbà tí wọ́n lè fún ilẹ̀ tó jìn ní ààyè títí dé tọ́ọ̀nù márùn-ún. Tọ́ọ̀nù kan lórí éékà kan, bí ẹ bá tẹ́ ẹ ká, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan. Ojú kò lè rí i. Ẹ lè máa pàdánù ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ sì máa sọ pé ilẹ̀ yín wà bó ṣe wà.

Mo tún ìwé baba kọ, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ojú ewé mẹ́rin ni lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú àwòrán tí mo fi ọwọ́ yà. Ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ọ́gà ti kọjá 120 láìkan nǹkan, kí wọ́n máa bá kajú wọn lọ. Láti ibi tí jíjìn rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ 50 sókè, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún koríko, kí ẹran máa jẹ ẹ́ nígbà òjò nìkan, kí wọ́n kó wọn kúrò kí ìdajì rẹ̀ tó tán, kí ẹnikẹ́ni má sì dáná sun ún ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ yóò bá ilẹ̀ lásán. Àárín òkè ni mo kọ “ẹ jẹ́ kí n padà wá wò ó” sí, nítorí pé níbẹ̀, ihò méjì tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síra wọn lọ fún mi ní 38 àti 91. Baba ka ìwé náà tán, wọ́n béèrè pé, “Èwo ni kí n gbàgbọ́ báyìí, ti àkọ́kọ́ tàbí ti èyí?” Mo ní kí wọ́n mú díígà, kí a jọ lọ.

Ohun kan ṣẹ́kù nípa kòtò. Bí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ, ẹ da erùpẹ̀ dúdú ojú ilẹ̀ sí ọwọ́ kan, kí ẹ da ti ìsàlẹ̀ àti òkúta sí ọwọ́ kejì, orí àpò tí ẹ bá tẹ́ sílẹ̀ ni kó jẹ́, kì í ṣe orí koríko. Bí ẹ bá parí, òkúta àti ti ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ẹ ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni dúdú, lẹ́yìn náà ni koríko tí ẹ bó. Mo fi kòtò kan sílẹ̀ láìdí nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo ní màá padà wá ní àárọ̀. Nígbà tí mo dé, ọmọ màlúù kan ti já sí i láti òru, ìyá rẹ̀ dúró tì í, Àlàájì sì jókòó lórí òkúta tí mo wú jáde, wọ́n ń dúró dè mí.